Màmá, Ẹ Jókòó

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù àárọ̀. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ṣé oníbàtà òdìkejì wa ṣì ń tan rédíò rẹ̀ sókè bíi pé gbogbo àdúgbò ló bá a dá owó rẹ̀? Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bèèrè ìdí tí mi ò fi pe fóònù. Ẹ̀yin lẹ ní ohùn mi nínú fóònù ń dún bí eṣinṣin inú agolo, pé kí n máa kọ̀wé kí ẹ lè kà á bó ṣe wù yín. Ó dáa, ìwé rèé.

Mo dúpẹ́ pé olùtọ́jú náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti yọ̀ nínú balùwẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá ń gun bọ́ọ̀sì, mo máa ń rò ó. Bí mo bá ń jẹun, mo máa ń rò ó. Ọ̀gá àwọn olùtọ́jú sọ fún mi pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n rán sí yín. Òun ni kó máa gbálẹ̀, òun ni kó máa se oúnjẹ, òun ni kó máa fọṣọ, kó sì dúró tì yín bí ẹ bá ń wẹ̀. Iṣẹ́ tiyín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jókòó. Màmá, mo bẹ̀ yín ni o, ẹ jókòó.

Ẹ rántí ìlérí tí mo ṣe fún bàbá nígbà tí wọ́n wà lórí àìsàn, pé ẹ ò ní fi ilé yín sílẹ̀ láé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń fọṣọ níbí. Gbogbo aṣọ tó bá dé iwájú mi, nọ́ńbà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà wọn ni mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé aṣọ lọ sókè, mo bá ìyá àgbà kan tí wọ́n wọ súẹ́tà ẹlòmíràn fún. Ó ń fà á lọ́rùn, ó ń sunkún pé, "Èyí kì í ṣe tèmi." Ẹni tó dúró tì í ní, "Màmá, súẹ́tà náà ni gbogbo rẹ̀." Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rán aṣọ fún ìdajì ìlú! Mo ní kò sí ẹni tó máa fi nọ́ńbà sọ́rùn ìyá mi níṣojú mi.

Ẹ kọ̀wé, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ mi, tó rí tín-ínrín tí ẹnu rẹ̀ mú bí orúkọ tí mo sọ ọ́,

O kú iṣẹ́ o, o kú àjò. Ìwé rẹ dé. Mo kà á tán, mo tún kà á. O kí mi ní ìlà díẹ̀, o wá pàṣẹ fún mi títí ìwé fi kún. Ẹni tó bá rí i á rò pé ìwọ lo bí mi. Kò burú.

Olùtọ́jú tó o rán sí mi, Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, torí ó máa ti dúró lẹ́yìn èèyàn kí èèyàn tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ èèyàn kí. Àárọ̀ ló máa ń dé, nítorí náà èmi náà máa ń tètè jí. Ó yẹ kí ilé mọ́ kí àlejò tó wọlé, àbí kò yẹ? Mo máa gbá pálọ̀, mo máa fọ abọ́ àná, mo máa nu orí tábìlì, mo máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má lọ máa rò pé ìyá onídọ̀tí ni wọ́n rán òun sí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wo yíká, ó ní, "Màmá, kò mà sí iṣẹ́ nílẹ̀." Mo ní, "Ṣé o rí i? Jókòó, jẹun." Mo ti se ìrẹsì sílẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n ní báyìí, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń bèèrè ohun tí mo sè. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un sì gbòòrò lára rẹ̀ bí àpò. Mo tú u, mo gé e, mo rán an pa dà. Ó yí po níwájú dígí títí mo fi rẹ́rìn-ín. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì mọ ọ̀nà.

Ìbàdí máa ń ro mí díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò tó nǹkan. Ọjọ́ orí ni.

Bá mi wá òwú aláwọ̀ sánmà. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, bí mo bá wò ó lójú báyìí, á já.

Ìyá rẹ, tí kò tíì rí àyè jókòó


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ jẹ́ kí n kí yín kúnná lónìí, kí ẹ má baà ní mi ò kí yín: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́ tí mo ní kí ẹ má ṣe.

Màmá, báwo ni kí n ṣe gbọ́ eléyìí sí? Èmi gba ẹni tó máa tọ́jú yín, ẹ̀yin wá sọ ara yín di olùtọ́jú rẹ̀! Ẹ ń gbálẹ̀ dè é, ẹ ń se oúnjẹ dè é, ẹ tún rán aṣọ fún un. Ẹ wá ní ìbàdí ń ro yín, ẹ ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kẹ̀? Ìgbálẹ̀ ni! Nígbà tí mo ka ìwé yín tán, mo kó orí mi lé orí tábìlì, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Mo ti pe ọ̀gá wọn. Mo sọ fún un pé ọmọ tó rán wá, ìyá mi ló ń bọ́ ọ. Mo sọ̀rọ̀ gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó bẹ̀ mí, ó ní àwọn máa mú un kúrò, àwọn á rán àgbà obìnrin tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa wá, ẹni tí kò ní jókòó jẹ ìrẹsì yín.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹni yẹn bá dé, ẹ jẹ́ kó bá ilẹ̀ dídọ̀tí. Fún èmi ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́,

Mi ò kí ọ.

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wá dágbére fún mi, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun kò bínú. Èmi ni mo ń bínú. Ta ló ní kó o lọ fẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ sùn? Ilé ta ni? Ìgbà wo lo rí mi rí tí èèyàn wọ ilé mi, tí mo wá jókòó tẹ̀tẹ̀rẹ̀ kó máa sìn mí? Bó bá jẹ́ pé ibi tó o wà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa ṣe é níbẹ̀.

Ẹni tuntun náà ti dé. O ní ó mọ iṣẹ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n eegun ń dùn ún ju èmi lọ. Bó bá fẹ́ tẹ̀ba, á kọ́kọ́ ké pe Ọlọ́run. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo ti wá ń jí ṣáájú ìgbà tí mo ń jí tẹ́lẹ̀, kó tó dé kí n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìwọ lo fà á.

Má kọ̀wé sí mi títí o fi máa rántí bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ilẹ̀ sì tutù. Ẹ má bínú. Mo ti pe ọ̀gá wọn pa dà, mo ní ẹ̀bi ọmọ náà kọ́, mo ní kó má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní ìyá mi ni, pé bí ọba bá wọ ilé wa, ìyá mi á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, Màmá. Mi ò sí nítòsí. Bí ẹ bá tún ṣubú, ó dìgbà tí ẹlòmíràn bá sọ fún mi. Ìdí tí mo fi ń pàṣẹ nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi.

Mo ti fi òwú aláwọ̀ sánmà ránṣẹ́. Mo fà á wò kí n tó rà á, kò já.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ ò fèsì. Mo ní kí n fún yín láyè, mo fún yín láyè, àyè náà ti wá pọ̀ jù. Mo pe fóònù, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo bá pe ọ̀gá àwọn olùtọ́jú. Ohùn rẹ̀ yí pa dà. Ó ní, "Màmá yín wà láàyè, ara wọn sì ti ń yá, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn fúnra àwọn fẹ́ kọ̀wé sí yín." Ara wọn ti ń yá kẹ̀? Kí ló ti ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀? Ó ní òun ti ṣèlérí fún yín, òun kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀.

Lónìí níbi iṣẹ́, mò ń ká aṣọ, mo kàn rí i pé mo ti gbé súẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni mọ́ àyà. Ẹni tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ló dé. Mo yára ká a, mo mú òmíràn.

Màmá, bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ kọ "òmùgọ̀" sórí ìwé, ẹ fi ránṣẹ́, inú mi á dùn.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Òmùgọ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé inú rẹ ti dùn? Mo wà láàyè. Mu omi, mí kanlẹ̀, kó o tó máa kà á lọ.

Mo ṣubú. Fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe jẹ́, má sì pariwo. Ìyá àgbà tó ń wá yẹn máa ń ní eruku ń dí òun nímú. Mo ní kò ní jẹ́ inú ilé mi ni á ti máa sín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun àpótí pé kí n já kọ́tìnì, kí n fọ̀ ọ́ kó tó dé. Àpótí yẹ̀. Èmi àti kọ́tìnì la jọ wá sílẹ̀. Nígbà tó fi máa wọlé, mo wà nílẹ̀, kọ́tìnì bò mí mọ́lẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ má bínú, mi ò tíì se nǹkan kan." Obìnrin náà bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí.

Ọrùn ẹsẹ̀ mi ló dá. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ dá gbé. Wọ́n bá gbé mi wá sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa, èyí tí géètì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. O mọ̀ ọ́n. Èmi àti bàbá rẹ, bí a bá ń kọjá níbẹ̀, ńṣe la máa ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ. Mo mọ̀ ọ́. O máa wá gbé mi pa dà sílé kó o tó bi mí bóyá mo fẹ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débí, mo sunkún. Mo kọjú sí ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jí ní àkókò tí mo máa ń jí, mo na ọwọ́ pé kí n mú ìgbálẹ̀. Kò sí ìgbálẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àyà mi ń já pé àlejò ń bọ̀, ilé kò tíì mọ́. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó gbé tíì wọlé. Mo fẹ́ dìde kí n wá àga fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó. Èmi ni mo mọ ibi tí nǹkan wà níbí."

Abẹ́rẹ́, bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ tán. Ilé mi kọ́ nìyí! Kò sí abọ́ mi ní kíṣìnnì wọn. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, ojú kò ní tì mí. Èmi gan-an ni àlejò! Mo mu tíì yẹn tán nígbà tó ṣì gbóná. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo sùn lẹ́yìn rẹ̀, láàárọ̀ gangan, èmi ìyá rẹ.

Bàbá kan wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, awakọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bí oúnjẹ bá ti ń bọ̀, á ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Gbogbo èrò, ọbẹ̀ ti wọ ibùdókọ̀!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mo fẹ́ dúró síbí. Kì í ṣe pé títí ẹsẹ̀ mi á fi san. Mo fẹ́ dúró. Ìlérí tí ìwọ àti bàbá rẹ ṣe yẹn, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe é dáadáa, ẹ jọ sunkún, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ló pè mí wọlé kó bi mí?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ló yọ yín. Nígbà tí mo rí "òmùgọ̀" lókè ìwé, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a jọ ń gbé fi sáré jáde láti yàrá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín nídìí kọ́tìnì yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn dùn mí. Kò sẹ́ni tó bi yín, òótọ́ ni. Síbẹ̀, kí ni mò ń ṣe níbí bí kì í bá ṣe kí ẹ lè wà nínú ilé yín? Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó gbé ìyá rẹ̀ jù sílé àwọn àgbà." Ṣé torí kí n má baà ṣe wàhálà lẹ ṣe ń sọ pé ẹ fẹ́ràn ibẹ̀? Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni? Bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí n wá máa bá yín gbé, ṣé ẹ máa pa dà sílé? Mi ò ṣàwàdà. Ẹ kàn sọ ọ́ ni, mo ń bọ̀.

Màmá, mo mọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fi tíì kan tàn yín. Ẹ bá mi wo ohun tí àlejò kì í wò. Ṣé gbogbo wọn ló máa ń kan ilẹ̀kùn, àbí ẹni tó gbé tíì wá nìkan? Bí àgbà kan bá tọ̀ sára, báwo ni wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀? Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá aṣọ ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni màá ti mọ irú ilé tó jẹ́. Ẹ má fèsì títí ẹ máa fi fojú ara yín rí i.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́ mi,

O kú àníyàn. Mo ti fi ọ̀pá rìn ká gbogbo ilé yìí bí ọlọ́pàá, torí tìẹ.

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Obìnrin gíga kan wà tí kì í kàn án, ńṣe ló máa ń já wọlé. Mo ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, màá ké olè. Ó ti wá ń kàn án báyìí bí ẹni tó fẹ́ wó o lulẹ̀. Ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀. Mo ti sọ, wọn ò gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n wọn kì í sinmi. Ọjọ́ Àìkú sì máa ń gùn, torí àwọn kan máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀, wọ́n á máa retí ọmọ tí kò ní wá. Mi ò fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà níbí, obìnrin, ọpọlọ rẹ̀ kò jí pérépéré mọ́. Ó tọ̀ sára níjọ́sí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fetí sílẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní, "Màdáàmù, omi dà sí yín láṣọ, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ kíá." Omi kẹ̀! Mo yọ́ kúrò níbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi.

Mo wá lọ síbi ìfọṣọ. Obìnrin sísanra kan ló wà níbẹ̀, orin ló ń kọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń lò bíi tiyín, wọ́n sì ti sọ ìbọ̀sẹ̀ mi kan nù. Mo ní, "Nọ́ńbà wo ni mo jẹ́?" Ó ní òun kò rántí. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin ni Màmá Télọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn dá?" Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé máṣíìnì mi wá látilé. Ó ti wà lẹ́bàá fèrèsé mi. Ẹni tó bá wù, mo máa ń rán àmì sára aṣọ rẹ̀. Awakọ̀ gba ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹyẹ lòun fẹ́. Èmi, abẹ́rẹ́ ni mo fi òwú tó o fi ránṣẹ́ rán sọ́rùn gbogbo aṣọ mi. Ìwọ ló wà lọ́rùn mi. Kì í ṣe nọ́ńbà.

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́, ọpẹ́ ni. Mo wá ohun tí màá gbé fún un jẹ, mi ò rí, mo bá jókòó. Ó jókòó. Ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi, ó ní ìyá náà ti ṣaláìsí, pé òun ló tọ́jú rẹ̀ dópin. Gbogbo ìgbà tó fi ń wá sílé wa, mo bọ́ ọ, mo rán aṣọ fún un, mi ò bi í léèrè ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi dí.

Mi ò bínú sí ọ. Mi ò sì ń dọ́gbọ́n kí n má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Bó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, o máa fẹ́ wẹ̀ mí, o máa lé mi jókòó, a máa jà láràárọ̀, màá sì máa jí ṣáájú rẹ kí n lè gbálẹ̀ kó o tó jí. O mọ̀ pé mi ò parọ́. Nọ́ọ̀sì pọ̀ níbí. Ọmọ ni mi ò ní níbí. Gba ìsinmi, wá kí mi. Wá fojú ara rẹ rí i. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, màá gbọ́ ohun tó o bá sọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ kú ìnáwó àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ló gbé oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lójú yín. Mo wá bá wọn jà ni. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni mo ti ń to ẹjọ́ náà. Mo wọlé, mo ń gbóòórùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì yín wò lábẹ́, mo tún wo inú etí yín bóyá wọ́n ń wẹ̀ yín dáadáa. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní, "Abẹ́rẹ́, fi í sílẹ̀, jókòó." Mo jókòó. Awakọ̀ ké pé ọbẹ̀ ti wọ ibùdókọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. A jẹun. Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́, ẹ bi mí bóyá mo ti ní ẹnì kan, ẹ bú ọbẹ̀ wọn. A jẹun tán. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Màmá, láti kékeré, bí a bá ti ń jẹun, ẹ̀yìn yín ni mo mọ̀. Ẹ̀yìn yín nídìí sítóòfù, ẹ̀yìn yín nídìí máṣíìnì. "Ẹ máa jẹun, mò ń bọ̀." Ẹ ò sì wá rí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jẹun tán láyé mi tí ìyá mi jókòó síwájú mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wo ojú yín dáadáa. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àmì dúdú kékeré wà nísàlẹ̀ etí yín.

Ẹjọ́ tí mo tò láti inú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò rò ó.

Mo dé ibojì bàbá kí n tó máa lọ. Mo sọ fún wọn pé mo ti bi yín, ẹ sì ti fèsì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé sọ́wọ́ oníbàtà, á máa ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A ò tà á. Ọjọ́ tó bá wù yín kẹ́ ẹ pa dà síbẹ̀, ilé yín ni. Àwọn ará àdúgbò tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí wọ́n sọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀, Màmá. Mo sùn nínú bọ́ọ̀sì lánàá, mo sùn kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo gbàgbé súẹ́tà pupa mi sórí àga yín. Ẹ má wulẹ̀ wá a. Wọ́n á ti kó o mọ́ aṣọ fífọ̀, kò sì ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ pé kò ní pa dà wá.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Abẹ́rẹ́ mi,

O kú ìrìn, o kú ìnáwó. Ìwé yìí kò ní gùn, ọ̀gá ilé-ìwé ń dúró de ẹyẹ rẹ̀.

Súẹ́tà rẹ kò sọnù. Lóòótọ́ ni wọ́n kó o mọ́ aṣọ mi, èmi náà sì ti sọ pé ó ti lọ nìyẹn. Lánàá, obìnrin tó ń kọrin nílé ìfọṣọ gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ, súẹ́tà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀? Kò ní nọ́ńbà, mi ò sì rán àmì kankan sí i." Ó wò mí bíi pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n wá. Ó ní, "Ṣebí ti ọmọ yín ni. Mo rí i lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó wá."

Mo ní kí n sọ fún ọ, kó o lè máa sùn nínú bọ́ọ̀sì lọ.

Mi ò ní fi í ránṣẹ́ o. Mo ti wọ̀ ọ́. Bó o bá fẹ́ ẹ, wá gbà á. Wàá bá mi ní ìjókòó.

Ìyá rẹ